Àwátì: Sójà Jámánì Mélòó Ló Kú Gan-an?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀rẹ́ ìtàn wa sọ n'Íbàdàn nìyí. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti ń wá awò ojú mi kúrò, ṣùgbọ́n mo fi ẹ̀fẹ̀ àti ìjà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wáyé.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Wọ́n ní kí n fi ogójì ìṣẹ́jú sọ iye ọmọ ogun tí Jámánì ní nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àti iye tó bógun lọ nínú wọn. Mo ní ogójì ìṣẹ́jú ti pọ̀ jù, torí ìdáhùn rẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ: nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 ló wọ aṣọ ogun, ó lé ní mílíọ̀nù 5 tó kú. Ó tán. Ẹ lè máa lọ jẹun.

(Ẹ̀rín.)

Ẹ ò lọ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn fi gba àwọn Jámánì fúnra wọn ní ọdún 54 lẹ́yìn ogun kí wọ́n tó rí i kọ sílẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní wọn kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá mi àgbà, bí ẹ bá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, wọ́n á ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wá ka èèyàn fún ìjọba láyé ọjọ́un, ojú wọn rí nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ìjọba tó ń jagun ò lè dáhùn báyẹn. Ó gbọ́dọ̀ mọ iye búrẹ́dì tí yóò yan, iye bàtà tí yóò pín, iye ilé tí yóò kọ lẹ́tà ọ̀fọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: iye kì í dá rìn. Ẹnì kan ló kà á, ó nídìí tó fi kà á, ó sì lórúkọ tó fi pe ohun tó kà. Bí ẹ bá gbé iye kan wá bá mi tí ẹ ò mú ẹni tó kà á lọ́wọ́ wá, ẹ tètè gbé e padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú iye àwọn alààyè, ká tó dé ọ̀dọ̀ òkú. Ẹ̀yin tó ti náwó rí, èèyàn mélòó ló wá sóde yín? Ẹni tó há ìrẹsì ní òun há abọ́ 600. Ẹni tó ta aṣọ ẹbí ní èèyàn 250 ló rà. Ẹ wá bi ìyàwó ilé tó jí láago mẹ́rin òru dáná, á ní àwọn mẹ́sàn-án péré ni, òun sì mọ orúkọ àwọn tó sá. Gbogbo wọn ló sòótọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn akọ̀wé ogun Jámánì ṣe ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún iye sójà. Verpflegungsstärke ni iye ẹnu tí wọ́n ń bọ́, tó fi mọ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin àti ẹlẹ́wọ̀n tó bá ń jẹun lọ́dọ̀ wọn. Iststärke ni iye orúkọ tó wà nínú ìwé ikọ̀, títí kan ẹni tó gbàyè lọ sílé àti ẹni tó gbọgbẹ́ tí wọ́n ṣì ń retí. Gefechtsstärke ni àwọn tí ọ̀tá yóò bá pàdé bí ó bá dé lọ́la. Dífísọ̀n kan, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun ńlá tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà, lè máa gba búrẹ́dì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lójúmọ́, kó jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún méjì péré ló ń fi ìbọn ṣọ́ yàrà.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé sójà Jámánì díẹ̀ báyìí ló dá Rọ́ṣíà rẹpẹtẹ dúró, mo máa ń bi í pé: abọ́ ìrẹsì lo kà ni, àbí àwọn tó dáná? Àwọn kan wà lórí Facebook, ẹ mọ̀ wọ́n, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà nínú gbọ̀ngán yìí, tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki táńkì Tiger, ẹ ó rò pé bàbá wọn ló wà á. Wọ́n á mú Jámánì tó wà nínú yàrà, wọ́n á fi wé gbogbo ẹnu tí Rọ́ṣíà ń bọ́, tòun ti alásè àti awakọ̀, wọ́n á wá kéde pé sójà Jámánì kan tó mẹ́wàá. Èmi náà, bí ẹ bá fún mi láyè láti yan ẹni tí mo máa kà, màá fi hàn yín pé ìdílé wa nìkan tó gba ìdìbò Ìbàdàn.

Àdéhùn Versailles ọdún 1919 ní kí Jámánì má ní ju sójà 100,000 lọ lórí ilẹ̀, kó má sì ní ọkọ̀ òfuurufú ogun kankan. Ní oṣù Kẹta 1935, Hitler ta àdéhùn náà nípàá, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣe sójà dandan padà. Nígbà tí ogun fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 1939, wọ́n ti pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.5. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1941 tí wọ́n ya wọ Sófíẹ́ẹ̀tì, ìyẹn Rọ́ṣíà ìgbà náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ọmọ Jámánì ló wà nínú ogun náà, pẹ̀lú ẹṣin tó lé ní 600,000. Ẹṣin o! Fíìmù ti bà wá jẹ́, a rò pé inú mọ́tò ni gbogbo wọn wà. Ẹsẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi rìn dé ẹ̀bá Moscow. Ní 1943 gbogbo wọn lápapọ̀ ti kọjá mílíọ̀nù 9. Tí a bá ka gbogbo ẹni tó gba inú Wehrmacht, ìyẹn àpapọ̀ ọmọ ogun Jámánì, kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó jẹ́ mílíọ̀nù 17.3, ká tó fi nǹkan bíi 900,000 ti Waffen-SS, apá tó ń jagun nínú ẹgbẹ́ SS ti Hitler, kún un. Gbogbo èrò orílẹ̀-èdè náà, pẹ̀lú Austria tí wọ́n gbà mọ́ra, kò ju nǹkan bíi 80 mílíọ̀nù lọ, obìnrin, ọmọdé àti arúgbó wà nínú rẹ̀.

Ibi tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyí, bí kò tilẹ̀ yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín. Dífísọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bíi 17,000 èèyàn ní 1939, nígbà tó fi di 1944 wọ́n ti gé e kù sí nǹkan bíi 12,500 lórí ìwé. Lórí ìwé ni mo wí. Nígbà tí ọ̀dọ́ tuntun bá dé, dípò kí wọ́n fi gbogbo wọn dí àlàfo àwọn dífísọ̀n àtijọ́ tó ti ṣán, wọ́n á fi ọ̀pọ̀ nínú wọn dá dífísọ̀n mìíràn sílẹ̀, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tuntun, àsíá kékeré kan á tún gorí máàpù. Hitler fẹ́ràn àsíá náà. Ṣé ẹ ti rí àgbẹ̀ tó ń ka ebè, tí kò jẹ́ wú ọ̀kan wò bóyá iṣu wà nínú rẹ̀? Àwọn ọ̀gágun rẹ̀ mọ̀. Ta ló máa sọ fún un?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́dọ̀ àwọn òkú.

Gbogbo sójà Jámánì ló ní irin pẹlẹbẹ kan lọ́rùn, tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ti lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ là á láàárín. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n tẹ̀ sí apá méjèèjì. Bí ó bá kú, wọ́n á ṣẹ́ irin náà sí méjì: ìlàjì kan á bá a wọlẹ̀, ìlàjì kejì á gba ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé lọ. Ní Berlin, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1939, ọjọ́ díẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ gùn débi pé WASt ni gbogbo ayé ń pè é. Ibẹ̀ ni ìròyìn òkú, ìròyìn ọgbẹ́ àti ìròyìn ẹlẹ́wọ̀n ń lọ. Káàdì lórí káàdì. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ọrùn, ibi tí wọ́n sin ín sí. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn dókítà ogun ń gbà ròyìn, òmíràn tún wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń pín sójà síṣẹ́, àwọn ọ̀nà yìí kì í sì í bára wọn mu. Ẹ ò rí i? Ìjọba kan náà, òkú kan náà, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n irin kì í ṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti òkú náà. Bí ikọ̀ bá ń ṣẹ́gun lọ, àyè wà. Bí ó bá ń sá ńkọ́? Bí gbogbo ikọ̀ bá run lọ́jọ́ kan ńkọ́, tí akọ̀wé tó yẹ kó ròyìn náà ti kú sórí ìwé rẹ̀? Nígbà náà ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan: vermisst. Mo wá ohun tí màá fi pè é ní Yorùbá títí, kí n tó rántí pé èdè wa ti ní in: àwátì. Ohun tí a wá tì. Kò sọ pé ó kú, kò sọ pé ó wà. Ó kàn ní àwa la wá a tì. Ọrùn ẹni tó ń wá ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹ wo ogun tí wọ́n borí pàápàá. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Faransé ní 1940, wọ́n kéde òkú 27,074 àti àwátì 18,384. Ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn o. Àwọn tí ọ̀tá mú ti gba òmìnira padà. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ìwé náà yẹ̀ wò, àwọn òkú ti lé ní 45,000. Àwátì ló di òkú, díẹ̀díẹ̀, nínú fáìlì.

Ní Stalingrad, ìlú Rọ́ṣíà tí wọ́n ti ṣẹ́gun Jámánì, òdìkejì rẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì 1943, rédíò ìjọba fi orin ọ̀fọ̀ ṣáájú, ó ní Ẹgbẹ́ Ogun Kẹfà ti jà dé ọta ìkẹyìn, pé wọ́n kú kí Jámánì lè wà láàyè. Irọ́ gbuu. Nǹkan bíi 91,000 nínú wọn ṣì ń mí lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, Paulus tó jẹ́ ọ̀gá wọn wà láàárín wọn. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ ni kẹ́ ẹ bá mi tú èyí: Hitler fi Paulus jẹ ọ̀gágun àgbà pátápátá ní ọjọ́ 30 oṣù Kínní, torí kò tíì sí ẹni tó wà nípò yẹn ní Jámánì tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀tá rí. Ẹ ti mọ oyè yẹn. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó bá jagun tì, kò gbọ́dọ̀ wálé láàyè. Paulus gba oyè, ó kọ èèwọ̀ rẹ̀, ó túúbá ní ọjọ́ kejì.

(Bàbá kan láti ẹ̀yìn: "Kakaǹfò ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀!" Mo ní kí wọ́n lọ sọ fún Paulus.)

Nínú 91,000 yẹn, nǹkan bíi 6,000 ló padà délé. Ìjọba ti pè wọ́n ní òkú nígbà tí wọ́n wà láàyè. Nígbà tí wọ́n wá ń kú lóòótọ́, ebi, òtútù àti àrùn ń pa wọ́n, kò sí akọ̀wé Jámánì kankan níbẹ̀.

Bí nǹkan ṣe ń lọ nìyẹn títí di òpin oṣù Kínní 1945, tí ìwé àwọn ọ̀gágun àgbà fi sọ pé òkú jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2, àwátì nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9. Ẹ tún un gbọ́. Bí òkú kan bá wà, àwátì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé náà dákẹ́, ogun sì ṣì ku oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń pín àwátì láàárín ara wọn bí ẹni pín ogún: ẹni yìí ní kí èyí wà lẹ́wọ̀n, ẹni yẹn ní kí tọ̀hún kú. Ọ̀pọ̀ wọn fìdí lé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.

Rüdiger Overmans, òpìtàn ọmọ Jámánì kan, ò bi ọ̀gágun kankan ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó lọ sídìí káàdì WASt, ó fa ẹgbẹ̀rún díẹ̀ yọ nínú wọn bí ẹni fi ṣíbí tọ́ ọbẹ̀ wò, ó tọpa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìyẹn ṣírò gbogbo ìkòkò. Ní 1999 ló gbé e jáde: mílíọ̀nù 5.318. Iye náà fi ju mílíọ̀nù kan lọ ga ju ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ. Àwọn kan ń bá a jà títí dòní pé ṣíbí ò tó láti fi mọ adùn ọbẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé nílé rẹ̀, ṣé odidi ìkòkò ni ìyàwó rẹ̀ máa ń jẹ kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ pọ̀?

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n kú. Ní 1939, nǹkan bíi 19,000. Ní 1940, tí Pólándì ti ṣubú, tí Nọ́wè àti Faransé ń ṣubú tẹ̀ lé e, nǹkan bíi 83,000. Ní 1941 tí wọ́n wọ Sófíẹ́ẹ̀tì, 357,000. Ó ń gòkè bọ̀ báyẹn, 572,000, lẹ́yìn náà 812,000. Ó wá di 1944: mílíọ̀nù 1.8. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ nínú 1945: mílíọ̀nù 1.5. Oṣù Kínní 1945 nìkan pa ju 450,000 lọ. Oṣù kan péré ni mo wí, ó sì ju gbogbo ọdún 1941 lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 1944, Stauffenberg, ọ̀gá sójà Jámánì kan, gbé bọ́ǹbù sábẹ́ tábìlì Hitler, Hitler bọ́. Nínú gbogbo sójà Jámánì tó bógun lọ, nǹkan bí ìdajì ṣì wà láàyè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn tó ń yin Hitler pé ó nífẹ̀ẹ́ àwọn sójà rẹ̀, ibo ni wọ́n wà?

Kí ẹnì kankan má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò wá sun rárà fún ogun tí àwọn fúnra wọn lọ kó wáyé. Sójà Sófíẹ́ẹ̀tì mílíọ̀nù 5.7 ló bọ́ sọ́wọ́ Jámánì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.3 nínú wọn ló kú, ebi ni wọ́n fi pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ìyẹn ò sí lára àwọn tó kú lójú ogun. Mo ń ka àwọn Jámánì torí pé wọ́n ní ìwé tó dára jù láyé, síbẹ̀ wọn ò mọ̀. Tí oníwèé bá rí báyìí...

Ibí ni mo dé tí ìyá kan lọ́wọ́ iwájú nawọ́. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ò dúró kí n pè wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti ń ka àwọn ọmọ yìí látàárọ̀. Àwátì tí ẹ wí yẹn, ìgbà wo ni ìyàwó rẹ̀ wá ṣe opó?"

Mo ní ojú ìwé mẹ́rin lọ́wọ́ lórí ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Mo pa á dé.

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí, ẹ sì máa rí i pé òun gan-an ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Jámánì ní òfin kan lórí ẹni tí a wá tì, ọdún 1939 ni wọ́n ṣe é, ní oṣù Keje, kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Lẹ́yìn ogun, ní 1951, wọ́n tún un ṣe nítorí àwọn sójà. Ẹbí lè lọ sí ilé ẹjọ́, kí adájọ́ kéde pé ẹni náà ti kú. Ṣùgbọ́n ìwé ikú gbọ́dọ̀ ní ọjọ́. Ọjọ́ wo ni ká kọ sí i, nígbà tí kò sí ẹni tó rí i? Òfin ní bí ọjọ́ kankan ò bá hàn, kí wọ́n kọ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1945.

(Ìdákẹ́jẹ́ẹ́.)

Ẹ ro ọjọ́ yẹn wò. Ogun ti parí láti oṣù Karùn-ún. Kò sí ojú ogun Jámánì kankan ní Yúróòpù lálẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀ lórí ìwé ilé ẹjọ́, ọ̀pọ̀ jaburata sójà ló kú lẹ́ẹ̀kan náà, níbi kan náà tí kò sí ní ayé. Ẹni tó bá kó àwọn ìwé wọ̀nyẹn jọ, tí kò bi wọ́n léèrè, á kọ ọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn kan ló wọ̀lú ní àìsùn ọdún tuntun. Ohun tí mo ń wí látàárọ̀ nìyẹn. Adájọ́ ò purọ́. Opó náà nílò owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀, tàbí ó fẹ́ lọ́kọ mìíràn. Òun ló ka òkú yẹn, ohun tó fẹ́ fi ṣe sì nìyẹn.

Àwọn kan ò lọ sí ilé ẹjọ́ náà rárá. Wọ́n rò ó pé ẹni tó bá buwọ́ lu ìwé náà ló pa á. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń lọ dúró ní ibùdó Friedland, níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń bọ̀ láti Rọ́ṣíà ti ń sọ̀, wọ́n gbé pátákó kọ́rùn pẹ̀lú fọ́tò ọmọ tàbí ọkọ wọn: ta ló mọ ẹni yìí? Ní oṣù Kẹsàn-án 1955, Adenauer, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, lọ sí Moscow, wọ́n sì fún un ní nǹkan bíi 10,000 ẹlẹ́wọ̀n ìkẹyìn. Nígbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956, àwátì tó kù ṣì lé ní mílíọ̀nù kan.

Ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó dé bá ìyàwó rẹ̀ nílé ọkọ mìíràn. (Ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni.) Òfin ní tí ilé ẹjọ́ bá ti kéde ikú rẹ̀, tí obìnrin náà sì fẹ́ ẹlòmíràn láìmọ̀ pé ó wà láàyè, ti ọkọ tuntun ló dúró. Ẹni tó ti Rọ́ṣíà bọ̀ á lọ wá ibi tí yóò sùn.

Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá nọ́ọ̀sì. Mi ò tíì bọ́. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá àwọn bá ogun àwọn òyìnbó lọ sí Kamẹrúùnù, ẹrù ló rù, kò padà. Ta ló ka tirẹ̀?

Ogun Àkọ́kọ́ nìyẹn, 1914 sí 1916, nígbà tí Kamẹrúùnù àti Tógò wà lábẹ́ Jámánì. Èèyàn wa lọ, ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn kan, ẹrù wà lórí àwọn tó pọ̀ jù. Láti Kamẹrúùnù, wọ́n tún kó wọn lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà láti lọ bá Lettow-Vorbeck jà, ọ̀gágun Jámánì tó ń sá káàkiri igbó títí ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1918, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ogun ti parí ní Yúróòpù. Ní 1919 wọ́n fi ayẹyẹ gbà á ní Berlin bí ẹni tí kò ṣubú rí. Bóyá òun ò ṣubú. Àwọn tó ru ẹrù rẹ̀ ńkọ́? Ní ti òyìnbó Jámánì tó kú nínú ogun yẹn, orúkọ wà. Ní ti àwọn askari, àwọn sójà dúdú tó jà fún un, ìwé wà díẹ̀. Ní ti aláàárù rẹ̀, tí wọ́n fi agbára mú lábúlé tí wọ́n sì jẹ oúnjẹ abúlé náà tán, kò sí káàdì, kò sí irin lọ́rùn. Ní ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aláàárù tó kú nínú ogun Ìlà Oòrùn yẹn súnmọ́ 100,000, ìyẹn náà jẹ́ àbájáde ìṣirò lẹ́yìn ogun. Ẹ̀yin tó mọ ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà láyé ọjọ́un l'Ékòó, ẹ rántí pé kì í ṣe sójà nìkan ni wọ́n mọ síbẹ̀, aláàárù dúró tì í. Wọ́n mọ ère rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọn ò mọ̀.

Torí náà, mo gbà fún ìyá wa. Àwátì Jámánì ní ẹni tó wá a kó tó tì. Tiwọn ò tilẹ̀ délé ẹni tó ń wá.

Nígbà yẹn, àwọn tó ni gbọ̀ngán lọ́sàn-án ti ń to àga fún ìnáwó wọn, ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ orin ti wá dúró ti mí bí ẹni fẹ́ gba ilẹ̀. Mo wá sáré. Ọkọ̀ abẹ́ omi: nǹkan bíi 40,000 ọkùnrin ló wọ̀ ọ́, mẹ́ta nínú mẹ́rin ò jáde; níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa ṣẹ́ irin lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Volkssturm, àwọn ọmọ ọdún 16 àti bàbá ọgọ́ta ọdún tí wọ́n kó jọ láti oṣù Kẹsàn-án 1944: Overmans rí nǹkan bíi 78,000 òkú. Waffen-SS: nǹkan bíi 314,000. Ìlà oòrùn, ìyẹn ojú ogun Rọ́ṣíà, ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní Amẹ́ríkà ló dá ṣẹ́gun Hitler, ẹ fún un ní omi tútù.

Ọ̀kan ni mi ò lè fò. Ní 1989, òǹkọ̀wé Kánádà kan ní Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n Jámánì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan kú nínú àwọn pápá tí wọ́n fi wáyà yí ká lẹ́bàá odò Rhine àti láwọn ibùdó mìíràn. Ìyà wà níbẹ̀, òjò pa wọ́n, àwọn kan sì kú. Ṣùgbọ́n ibo ló ti rí mílíọ̀nù? Nínú ìwé ọ̀sẹ̀ àwọn sójà Amẹ́ríkà, òpó kan wà tí wọ́n kọ "àdánù mìíràn" sí lórí. Ó gbà pé òkú ni gbogbo wọn. Àwọn tó tú ìwé náà wò rí i pé ẹni tí wọ́n kó lọ sí àgbègbè mìíràn wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé àti arúgbó Volkssturm tí wọ́n ní kó máa lọ sílé wà níbẹ̀. Ó rí iye, kò bi akọ̀wé. Ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ìbéèrè ìkẹyìn jẹ́ ti ọmọ iléèwé kan: ṣé wọ́n ṣì ń wá wọn? Wọ́n ń wá wọn. Ẹgbẹ́ Jámánì tó ń tọ́jú ibojì sójà ṣì ń hú egungun ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde lọ́dọọdún, pàápàá ní ìlà oòrùn, níbi tí àgbẹ̀ ti ń kọ ebè tàbí tí wọ́n ti ń la títì. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wá nínú ilẹ̀ ni irin ọrùn. Bí wọ́n bá bá ìlàjì, ẹnì kan ti dúró tì í nígbà náà, ìròyìn rẹ̀ ti lọ. Bí wọ́n bá bá a ní odidi, wọ́n ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Wọ́n á nu amọ̀ kúrò, wọ́n á ka nọ́ńbà náà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Berlin, níbi tí àwọn káàdì WASt wà títí dòní. Láti 2019 wọ́n ti wà lábẹ́ ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀.

Ìyá nọ́ọ̀sì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún, ta ni wọ́n wá ń kọ lẹ́tà náà sí? Mo ní ọmọ rẹ̀ ni, bó bá ṣì wà. Ọmọ-ọmọ nígbà mìíràn. Wọ́n ní ìyàwó ńkọ́? Mo ní mi ò tíì gbọ́ ọ rí.